Òkè Lẹ̀ Ń Wò: Ìtàn Táyà Tó Ń Jẹ Lápá Kan

Láti kékeré ni gbogbo wa ti ń pa òwe amúkùn-ún. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Mo ti kọ òwe yìí nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́nu fọganáísà kan tí kò wọ kíláàsì Yorùbá kankan rí.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo ilé wa ń pè é. Káà kékeré kan ló fi ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, mo sì jókòó síwájú lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni mo wọ̀. A ti kọjá Apọnmu, a ti kọjá Ọ̀wẹnà, mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé màá bá kíláàsì aago mẹ́wàá, ni a bá gbọ́ "gbòà!" Ọkọ̀ fà sí ọ̀tún bíi màlúù tí wọ́n fi okùn wọ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ di sítíárìn mú gírígírí. Kò tẹ búrèkì. Ó jẹ́ kí eré tán lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀ títí tó fi wọ inú koríko. Òkè la ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn tán, ìyẹn ni kò jẹ́ kí eré wa pọ̀. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn ń pe Jésù, epo pupa tó gbé lé itan ti dà sí i lára. Bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ wa tìtì. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ló bẹ́. Ọlọ́kadà gbé èmi àti táyà náà lọ bá fọganáísà kan, Bàbá Ọlọ́kọ̀ sì tẹ̀ lé wa. Fọganáísà náà gbé táyà sílẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Alàgbà, ìgbà wo lẹ ra eléyìí?" Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Lóòótọ́, bí ẹ bá wo táyà náà láti ìta, eyín rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ó ṣì dára lójú. Ni fọganáísà bá yí i padà, ó ní kí n fọwọ́ kan etí rẹ̀ tó máa ń kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Ó dán bí orí apárí. Níbi tí kò ti dán, wáyà ló yọ síta, ó sì gún mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìta lẹ̀ ń wò, alàgbà. Inú ló ti kú tipẹ́."

Mo dákẹ́. Òwe amúkùn-ún ló sọ sí mi lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tó ń mú kí táyà jẹ lápá kan. Bí ẹ bá bi mẹkáníìkì, yóò sọ fún yín pé aláíǹmẹ́ǹtì ni, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ìtàn, ìdáhùn rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó wa wà nínú rẹ̀, òyìnbó wà nínú rẹ̀, ìjọba ológun wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé wà nínú rẹ̀. Èmi gan-an alára wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe jẹ́ kí n tó dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ti ẹlòmíràn, apá ìta ló ti jẹ. Ti ẹlòmíràn, apá inú ni. Bàtà ò ṣẹ̀, ṣúmẹ́kà náà ò ṣẹ̀. Bí a ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ ló ń jẹ bàtà wa. Bí táyà náà ṣe rí nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ aláíǹmẹ́ǹtì máa ń wò lára ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní tóò, ìyẹn ìka ẹsẹ̀. Ẹ rò ó pé ẹ dúró lókè, ẹ ń wo táyà iwájú méjèèjì nísàlẹ̀. Bí iwájú wọn bá súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ń rìn bí ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú. Bí iwájú wọn bá jìnnà síra ju ẹ̀yìn lọ, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ìkejì ni káńbà. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀, ṣé táyà nàró ṣánṣán, àbí orí rẹ̀ ló fẹ̀ sínú tàbí síta? Ìkẹta ni kásítà, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà sáàrin fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yà tán. Kásítà kì í sábà jẹ táyà, àmọ́ ó lè mú kí ọkọ̀ máa fà sápá kan. Tóò àti káńbà ni ọ̀jẹun.

Nínú àwọn méjèèjì, tóò ló burú jù, bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan kékeré lọ. Bí táyà kan bá fi dìgírí 1 péré yà kúrò lójú ibi tí ọkọ̀ ń lọ, nínú kìlómítà 1 tó bá rìn, bí ẹni ń wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún nǹkan bíi mítà 17 ni. Àkúrẹ́ sí Oǹdó tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní mítà 850 tí a fi ń ha táyà mọ́ ọ̀dà bí ẹni ń ha àgbọn. Àlọ nìkan nìyẹn o, àbọ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn. Awakọ̀ tó bá sì ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ńkọ́?

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé táyà máa ń kọ ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. Bí àárín rẹ̀ ló bá jẹ, géèjì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì ló bá jẹ tí àárín sì ṣì ga, atẹ́gùn rẹ̀ ti kéré jù. Bí ó bá jẹ níbí, tí kò jẹ lọ́hùn-ún, tó wá dà bí ojú tó ti ṣe ṣọ̀pọ̀ná, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kì tàbí bálánsìn. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á lọ tó ń dán, tí ẹ fọwọ́ pa á bọ̀ tó mú bí eyín ayùn, tóò ni. Bí etí kan ṣoṣo ló bá jẹ, ẹsẹ̀ ló wọ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tóò àti káńbà. Bí awo ṣe ń ka Odù lójú ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ ni fọganáísà wa ṣe kà á lọ́jọ́ náà, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju ọjọ́ tí a rà á.

Igbó wa àti rọ́bà

Àwa tí a ń ra táyà lọ́wọ́ àjèjì lónìí, igbó wa ti pèsè rọ́bà fún àjèjì rí. Igi kan wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní irẹ́. Oje rẹ̀ ni rọ́bà. Ní ìlàjì kejì ọdún 1890 sí 1899, ìrọ́kẹ̀kẹ̀ rọ́bà gba gbogbo ẹ̀yìn ìlú Èkó kan. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a wá láti Gold Coast, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí náà kọ́ ọ, wọ́n sì wọ igbó lọ. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tó bá èbúté Èkó lọ sílẹ̀ òyìnbó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lórí ìwọ̀n. Àmọ́ ìwọra kì í jẹ́ ká rí ọ̀la. Wọ́n dá igi lára ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ igi kú, òwò náà sì wálẹ̀ wìì láàárín ọdún díẹ̀. Igbó wa náà jẹ lápá kan nìyẹn.

Kí ni òyìnbó ń fi rọ́bà ṣe? Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nígbà oòrùn, kò sì ní máa gan nígbà òtútù. Ní ọdún 1845, Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tó ní atẹ́gùn nínú, ṣùgbọ́n ayé kò tíì ṣe tán fún un. Ọdún 1888 ni ọmọ Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é sí. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri, títí tí ìwákiri náà fi kan igbó wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dá yín lára yá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orísun ọ̀rọ̀. Iná tí wọ́n ń fi sí rọ́bà pẹ̀lú imí-ọjọ́ yẹn, orúkọ Vulcan ni wọ́n fi sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni Vulcan? Òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Láti ibẹ̀ ni "fọganáísà" ti wá. Ìyẹn ni pé ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ abùradà lẹ́bàá títì, tó ń fi iná lẹ táyà, orúkọ ẹlẹgbẹ́ Ògún ló ń jẹ́, kò sì mọ̀. Nílùú Oǹdó tí a ti ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún, ta ni ì bá tún yẹ kó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà àti ẹsẹ̀ tó ń rìn ín

Kí táyà tó dé, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń rin ọ̀nà. Ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ọjà rìn geere láàárín Èkó àti òkè, Glover tó jẹ́ gómìnà Èkó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá. Aláàárù ló ń rin ọ̀nà yẹn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ìgbà yẹn, tí ẹrù bá wọ́, ẹni tó rù ú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́rùn.

Àwọn òyìnbó ní tiwọn ti ń dààmú lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí mọ́tò tó dé. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn máa ń wọ́ nílẹ̀ tí wọ́n bá ń yà, nítorí pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ inú ń rìn kúrú ju ti ẹsẹ̀ ìta lọ. Ọmọ Jámánì kan, Georg Lankensperger, ló ronú rẹ̀ ní ìlú Munich ní nǹkan bí ọdún 1817, pé kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yà bó ṣe yẹ é, kí ti inú yà ju ti ìta lọ. Rudolph Ackermann gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní London ní ọdún 1818, orúkọ tirẹ̀ ni ayé sì ń pè é títí dòní. Ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó gba orúkọ, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ìjọba kọ́kọ́ tún ṣe fún mọ́tò, ní ọdún 1906. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòkó ló fà á dé ọ̀dọ̀ tiwa. Níbi tí kòkó bá wà, lọ́rì máa ń wá a dé ibẹ̀, ilẹ̀ Oǹdó sì ní kòkó tó pọ̀. Lọ́rì onípákó tí wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájà ló ń kó èèyàn àti àpò kòkó pọ̀. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló máa ń so ẹsẹ̀ iwájú irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lábẹ́, nítorí náà, aláíǹmẹ́ǹtì rẹ̀ kò le. Bí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kò bá tíì tẹ̀, tí ẹ sì wọn iwájú àti ẹ̀yìn táyà, ó parí. Nígbà tí káà tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá jó lórí sípíríìǹgì tirẹ̀ gbòde ni ọ̀rọ̀ di ìṣòro. Ó tuni lára láti wọ̀, àmọ́ bọ́ṣìn rẹ̀ pọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì rẹ̀ pọ̀, ibi tí wíwọ́ lè gbà wọlé náà sì pọ̀.

Ọ̀tún àti òsì

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo Nàìjíríà yí ẹ̀gbẹ́ padà. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì la fi ń wakọ̀, bí àwọn òyìnbó aláwọ̀ funfun tó ṣàkóso wa ṣe ń ṣe é. Àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso, bíi Dahomey tó ti di Benin báyìí àti Togo, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ológun Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974.

Kí ló kan táyà nínú èyí? Ó kàn án gidi. Wọn kì í ṣe títì ní pẹrẹsẹ. Àárín rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, kí òjò lè ṣàn sí gọ́tà lápá méjèèjì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gba ọwọ́ òsì máa ń fẹ́ yọ́ lọ sí gọ́tà òsì, èyí tó ń gba ọwọ́ ọ̀tún á sì máa fẹ́ yọ́ lọ sí gọ́tà ọ̀tún. Kì í ṣe pé ọ̀nà nìkan fẹ̀ sápá kan. Etí títì ni omi kọ́kọ́ máa ń jẹ, etí títì ni kòtò ti kọ́kọ́ máa ń yọjú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì súnmọ́ ọn jù láti ọjọ́ náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi agbára kọlu ojú kòtò, ọ̀pá tó ń darí rẹ̀ lè tẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì lè tú. Ẹ rántí pé táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ló bẹ́ fún wa. Kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Táyà tiwa, táyà tòkunbọ̀

Lẹ́yìn òmìnira, Nàìjíríà ń ṣe táyà. Dunlop ní ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Michelin ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Ní ọdún 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Àwọn bàbá wa tó wa Peugeot 504 láti Àkúrẹ́ lọ Èkó tàbí Benin máa ń sọ̀rọ̀ ìgbà yẹn bí ẹni ń rántí ìyàwó àárọ̀. Ọkọ̀ tí a tò nílé, táyà tí a ṣe nílé.

Ó ti tán. Michelin dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Iná ìjọba tí kò dúró, owó dísù, àti táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà ló fún wọn lọ́rùn. Rọ́bà ṣì ń bẹ nínú ilẹ̀ wa o. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, oko rọ́bà ńlá wà ní Aráròmí Òbu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Oje ń jáde níbẹ̀, táyà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn odi.

Ohun tó wá kù fún tálákà ni tòkunbọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti jẹ apá tó dùn, àwa là ń jẹ ìyókù. Ẹ̀yin tí ilé yín ní ọkọ̀, ẹ kọ́ èyí lọ́dọ̀ mi: lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń darúgbó bí èèyàn, ì báà má tíì fẹsẹ̀ kan títì. Táyà tó darúgbó, tó tún jẹ lápá kan, tó tún gbóná lójú ọ̀dà lọ́sàn-án, ikú ń wá ibùdó ni.

Àwọn awakọ̀ wa lọ́gbọ́n lórí bí wọ́n ṣe ń tan táyà jẹ. Bí etí inú bá ti jẹ, wọ́n á ní kí fọganáísà yí i lórí ríìmù, kí etí ìta di inú. Àbí kí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ṣe gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí owó táyà kan ṣoṣo wà lápò rẹ̀, táyà kan náà ló máa rà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wọ́ ò mọ̀ pé táyà tuntun ni wọ́n gbé fún òun. Á jẹ ẹ́ bó ṣe jẹ àkọ́kọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Okùn àti kọ̀ǹpútà

Ní Àkúrẹ́ báyìí, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe aláíǹmẹ́ǹtì. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí pèpéle, wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ó dára gan-an. Àmọ́ ẹ má fojú di àwọn tó ń fi okùn ṣe é. Èmi ti rí wọn. Wọ́n á wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á fi géèjì táyà ṣe déédéé, wọ́n á gbé sítíárìn sáàrin, kí wọ́n tó na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé iwájú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọ́n á fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti táyà iwájú, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yí tai rọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀ títí tí ìwọ̀n yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Okùn ò lè tún káńbà ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tóò tó ń jẹ táyà jù, ó lè mú un.

Ohun kan wà tí olókùn àti oníkọ̀ǹpútà jọ gbà: bí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bọ́ṣìn bá ti tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe aláíǹmẹ́ǹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó yín ti wọ gọ́tà, torí pé kòtò àkọ́kọ́ ni yóò tún un yí padà.

Nígbà ọdún Ògún ní Oǹdó, mo máa ń rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so màrìwò mọ́ níwájú. N kò ní fi ìyẹn ṣe ẹlẹ́yà, ọmọ Yorùbá ni mí. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni Ògún. N kò rò pé alágbẹ̀dẹ á bínú bí a bá wọn irin rẹ̀ wò bóyá ó gún.

Ibi tí mo bá a dé

Lọ́sẹ̀ tí táyà bẹ́ yẹn, mo bá Bàbá Ọlọ́kọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin náà gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà ọ̀tún mú, ó mì ín. Ó ń ṣe "kà, kà, kà". Ó ní, "Bàbá, ó pẹ́ tó ti ń fà sí ọ̀tún, àbí?" Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní, "Ó tó oṣù mẹ́rin."

Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Mo rántí pé ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo pè é lórí fóònù pé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò bí n kò bá sanwó. Ó fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Mọ́tò ń fà díẹ̀, mo fẹ́ gbé e lọ fún aláíǹmẹ́ǹtì. Àmọ́ jẹ́ kó máa fà ná. Lọ sanwó ìwé ẹ." Mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé. Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ wà lórí òwe.

N kò sọ nǹkan kan fún un níbẹ̀. Kí ni n bá sọ? Òun náà ò sọ ọ́. Ó sanwó tai rọ́ọ̀dù, ó sanwó aláíǹmẹ́ǹtì. Owó méjèèjì pọ̀ kò tó owó táyà tó ti jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́rin yẹn. Nígbà tí a ń padà lọ, ó ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí sítíárìn fún ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí títì ti gún. Ọkọ̀ ò fà sí ọ̀tún, kò fà sí òsì. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Látìgbà náà, bí mo bá dé gáréèjì, kí n tó wọ ọkọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú, màá na ọwọ́ sí etí inú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá, ṣé fọganáísà lẹ fẹ́ dà ni?" Màá ní rárá, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá ń lọ sílé nígbà ọlidé, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń sanwó ìwé yín léèrè bóyá ohun kan ń fà sápá kan lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò tíì sọ fún yín.